Oríkèé Páìpù Ilé Àáfà Salahudeen

Ọdún keje tí Bẹ̀llò ti ń ṣe iṣẹ́ púlọ́ńbà ní Táíwò Road ni apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975 ni, bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn Iléyá, tí ọyẹ́ ń mú gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà láti mú sípánà kan nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á mú. Ó ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Kí àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà nítòsí tó gbé e dé ọsibítù, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì lè dá dúró mọ́.

Kàdúná ni Bẹ̀llò ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ òyìnbó kan tó ń bá ìjọba kọ́lé. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀ ní 1967, tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní GRA fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ó padà sí Ìlọrin tí wọ́n bí i sí. Púlọ́ńbà kò tíì pọ̀ nílùú nígbà náà. Tí páìpù bá bẹ́ nílé ọ̀gá kan, mọ́tò ni wọ́n fi ń wá Bẹ̀llò wá sí ṣọ́ọ̀bù, yóò sì ti ṣọ́ọ̀bù pa lójú gbogbo ènìyàn, yóò wọ inú mọ́tò náà lọ. Tó bá dé ilé tí omi ti gba gbogbo rẹ̀, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ibi tí irin tí wọ́n fi ń ti omi ilé pa wà ló ń lọ tààrà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ páìpù ń pè ní fáàfù. Yóò yí i, ariwo omi yóò sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwọn onílé ṣe máa ń wò ó lásìkò yẹn, bí wọ́n ṣe ń wo dókítà tó gba ọmọ wọn lọ́wọ́ ikú ni, òun gan-an ló sì ń dùn mọ́ Bẹ̀llò nínú iṣẹ́ náà ju ohun tí wọ́n ń san fún un lọ. Kò sọ ibi tó ti ọwọ́ rẹ̀ bọ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Tí ẹnìkan bá bi í, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní iṣẹ́ púlọ́ńbà nìyẹn.

Salimat ìyàwó rẹ̀ ń ta ọṣẹ, kàn-ìn-kàn-ìn àti búlúù ní Ọjà Tuntun. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Rokibat, ti lọ sílé ọkọ ní Jẹ́bbà, nítorí náà àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú yàrá méjì tí wọ́n ń gbé ní Pàkàtà. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé Bẹ̀llò kúrò ní ọsibítù, Salimat kì í tètè dé ọjà mọ́, kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, òun ló ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu, òun ló ń gbé búútà dání nígbà tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá. Ọ̀rọ̀ ń padà bọ̀ sí ọkùnrin náà lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò padà.

Ó di oṣù kẹta kí ẹnikẹ́ni tó wá a wá fún iṣẹ́. Ẹni tó wá náà kò gbọ́ pé ó ṣàìsàn. Tíṣà Títílayọ̀ Ìdòwú ni, obìnrin ará Ọ̀mù-Àrán kan tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní GRA, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba ti gbé ọkọ náà lọ sí Lọ́kọ́jà lọ́sẹ̀ yẹn. Mọ́tò ìjàpá rẹ̀ ló wà wá, aṣọ rẹ̀ sì tutù dé orúnkún. Ó ní orí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ló já kúrò, omi sì ń tú jáde bí ẹni ń da garawa nù láìdẹ́kun, ó ti ń wọ pálọ̀ bọ̀.

Bẹ̀llò gbìyànjú láti fi ọwọ́ òsì ti ara rẹ̀ dìde lórí ẹní. Ó dìde dé ìdajì, ó sì ṣubú padà. Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó ṣe, Bẹ̀llò yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó sì rọra ń mú ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́yọ lẹ́yọ.

"Ẹ̀yìn ilé ìdáná wọn. Ìdí igi òrombó. Irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, iyanrìn ti bò ó. Ṣí i. Ohun tí o bá bá nínú rẹ̀, yí i sí ọwọ́ ọ̀tún títí tí yóò fi kọ̀."

Bó ti sọ ọ́ tán ló di ojú rẹ̀.

Salimat bá Tíṣà lọ. Kò wọ ilé GRA kankan rí ju pé kó gbé ọjà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bá ìdí igi òrombó náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì wa iyanrìn títí ó fi kan irin, ó sì ṣí i. Fáàfù náà ti há. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó wé e mọ́ ọn, ó fi gbogbo agbára yí i. Kò kọ́kọ́ mira. Lẹ́yìn náà ó yí díẹ̀, ó tún yí díẹ̀, ariwo omi tó ń ti inú ilé ìdáná wá sì ń rẹlẹ̀, títí tí kò fi sí ìró kankan mọ́ àfi ti àwọn ẹyẹ tó wà lórí igi.

Tíṣà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo inú ihò náà.

Ó ní, "Ìyá Rokibat, ṣé ibí yìí náà ló ti wà láti ọdún mẹ́fà tí a ti ń gbé ilé yìí?"

Salimat ní ó dà bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Bàbá Rokibat ti wá gbà wá lọ́wọ́ omi. Lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó dé, gbogbo ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ti bàjẹ́."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ṣùgbọ́n bí Salimat ti ń bá a gbá omi jáde kúrò ní pálọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tó fi máa lọ, Tíṣà ti wá ọ̀dà funfun, ó ti kun irin pẹlẹbẹ náà kí ẹnikẹ́ni tó bá wà nílé lè tètè rí i.

Salimat mú orí ẹ̀rọ tó já náà dání wálé. Bẹ̀llò gbà á, ó yí i wò nínú ọwọ́ òsì rẹ̀, ó sì fi rọ́bà kékeré tó wà nínú rẹ̀ hàn án. Ó ti jẹ tán débi pé irin ń fi irin ha ara wọn. Ó ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ omi bá ń kán lẹ́yìn tí a ti tì í, rọ́bà yẹn ló ń sọ pé òun ti ń tán lọ. Àwọn ènìyàn kì í pààrọ̀ rẹ̀. Agbára ni wọ́n ń fi tì í, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi kún agbára náà, títí orí rẹ̀ yóò fi já. Ó wá kọ́ ọ bí yóò ṣe gé rọ́bà tuntun láti ara táyà inú kẹ̀kẹ́, bí yóò ṣe tú orí ẹ̀rọ náà àti bí yóò ṣe dá a padà. Ó fi èédú ya ọ̀nà tí omi ń gbà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì Salimat padà lọ sí GRA, ó sì tún un ṣe. Ó gbà á ní gbogbo òwúrọ̀. Púlọ́ńbà gidi kì bá tí lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tíṣà sọ fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn náà ń ránṣẹ́ pe Salimat. Yóò kọ́kọ́ lọ wo ohun tó bàjẹ́, yóò wá sọ fún ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ yóò sì sọ ohun tó yẹ kó ṣe. Àwọn ilé kan kò gbà á láyè. Ọkùnrin kan wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ti ń fi obìnrin ṣe púlọ́ńbà, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti gbà á, wọ́n tún ń pè é. Ní alaalẹ́ òun àti Bẹ̀llò á jókòó ti àwọn irin wọ̀nyí, wọn a máa sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n ti fẹ́ ara wọn, Salimat kò sì rántí ìgbà kan tí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ara ọkọ rẹ̀ dá, yóò dé láti ibi iṣẹ́, yóò jẹun, yóò kírun, yóò sùn ni.

Ìlú Ìlọrin nígbà náà, omi ẹ̀rọ lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó dé. Ní ọ̀sẹ̀ kan, tọkọtaya kan ní GRA ṣí ẹ̀rọ omi wọn, kò sí omi, wọn kò rántí tì í padà. Wọ́n lọ sìnkú ní ìlú wọn. Omi dé lọ́jọ́ Sátidé tí kò sí ẹnìkan nílé. Nígbà tí wọ́n dé lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, tìmùtìmù ibùsùn ti mu omi yó, àpótí tí ọkọ kó sátífíkéètì rẹ̀ sí náà ti kún. Salimat lọ bá wọn níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Ó bá ìyàwó ilé níbi tó ti ń sá ìwé kọ̀ọ̀kan sórí koríko, tó ń fi òkúta kéékèèké tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Dúdú tó wà lójú ìwé ti ṣàn lọ lára àwọn kan.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ilé tí Salimat wọ̀ tí kò sọ̀rọ̀ kó tó jáde. Omi kànga ló fà dàgbà, orí ló fi ń ru omi láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n rù, kò sì lè wo omi tó ń ṣòfò kó má dùn ún. Ó sọ fún wọn pé ẹ̀rọ tí kò yọ omi, kí wọ́n tì í bí ẹni pé ó ń yọ. Yóò mú onílé dé ìdí fáàfù, kì í ṣe bàálé ilé nìkan, àti ìyàwó, àti ẹni tó ń gbá ilé, yóò ní kí oníkálukú wọn yí i lọ́wọ́ ara rẹ̀ lójú òun. Ó ní kí wọ́n máa yí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù kó má baà há. Ó ní kí wọ́n má da òróró tí wọ́n fi dín nǹkan sínú ihò ibi ìfọwọ́, nítorí yóò dì níbẹ̀. Tí ilé bá pa rọ́rọ́, tí gbogbo ẹ̀rọ wà ní títì, tí wọ́n ṣì ń gbọ́ bí omi ti ń lọ níbì kan, kí wọ́n wá a kàn, kí wọ́n má sọ pé kò séwu.

Wọ́n ń ṣe é. Kò pẹ́ tí mọ́tò tó ń dúró níwájú ilé wọn fi dín kù.

Bẹ̀llò ṣàkíyèsí. Ní ọjọ́ kan ó bi í pé ilé mélòó ló ránṣẹ́ sí i lọ́sẹ̀ náà. Salimat ní ẹyọ kan ni. Ó tún bi í pé kí ló ń sọ fún àwọn ènìyàn ná, Salimat sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Bẹ̀llò kọ́kọ́ kírun Màgàríbà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé òun ń fi ẹnu kọ́ ọ ní iṣẹ́, òun kò mọ̀ pé ó ń gbé e lọ pín kiri. Ó ní ẹni tó bá mọ ibi fáàfù ilé rẹ̀ kò ní wá púlọ́ńbà mọ́. Salimat ní àwọn tí òun pààrọ̀ rọ́bà fún kí ẹ̀rọ wọn tó já, ṣé wọn kò pe òun ni? Bẹ̀llò ní ìyẹn kì í ṣe bákan náà.  Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn.

Ilé kan wà tí Bẹ̀llò kì í dárúkọ rárá. Nígbàkigbà tí Salimat bá ní òun fẹ́ kọjá sí Ìdí-Àpé láti kí àwọn ará ilé Àáfà Salahudeen, bóyá wọ́n á fẹ́ kí òun wo páìpù wọn, Bẹ̀llò á ní kó má yọ wọ́n lẹ́nu, páìpù wọn dára. Òun ló fa omi wọ ilé náà ní 1969. Ilé kéwú ni, àwọn ọmọ kéwú kì í wọ́n níbẹ̀, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún Bẹ̀llò gidigidi. Nígbà tí omi kọ́kọ́ dé inú balùwẹ̀ wọn, Àáfà ṣe àdúà fún un lójú gbogbo ènìyàn, ó ní omi àlùwàlá tó fà wọlé náà yóò máa jẹ́ láádá fún un títí lọ.

Nínú oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ti ń rọ̀ déédéé, Lami ìyàwó Àáfà sáré wọlé sí Pàkàtà lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ó ní Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ òun, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hadiza, ló lọ ṣe àlùwàlá, omi ti bo ilẹ̀ balùwẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ní egungun itan rẹ̀ kán. Omi náà ṣì ń tú láti inú ògiri, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe lè dá a dúró.

Salimat yíjú sí ọkọ rẹ̀. Bẹ̀llò kò wò ó. Ó ní ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn àbáwọlé ni fáàfù wà, lábẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé ìkòkò omi sí.

Salimat bá a níbẹ̀, ó tì í. Lẹ́yìn náà ó wọ balùwẹ̀, ó gbé iná àtùpà sún mọ́ ògiri, ó sì rí oríkèé páìpù tí omi ti ń jáde. Ẹnìkan ti di í. Ọ̀dà pupa ló wà lókè, àti òwú. Nígbà tó fi ọ̀bẹ họ ọ́, ọ̀dà aláwọ̀ eérú wà lábẹ́ rẹ̀, àti òwú mìíràn. Aláwọ̀ ewé tún wà lábẹ́ ìyẹn. Ó mọ bí ọwọ́ tó wé òwú náà ṣe máa ń wé e, nítorí bí ọkọ rẹ̀ ṣe kọ́ òun náà nìyẹn, láti òsì lọ sí ọ̀tún, tí yóò sì fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀. Ó kan sípánà mọ́ ọn, ó yí i lẹ́ẹ̀kan péré, oríkèé náà sì wó bí búrẹ́dì tó ti gbẹ. Ó fi ọ̀bẹ họ ibi tí omi ti mú ògiri rọ̀, ó sì fa páìpù kékeré kan, tí kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, yọ láàárín páìpù méjì tó dára. Kì í ṣe irú tiwọn. Ó ti dógùn-ún jìnnà láti inú wá.

Ó di páìpù náà sínú aṣọ, ó gbé e relé, ó sì tú aṣọ náà níwájú Bẹ̀llò.

Bẹ̀llò wò ó. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè. Ó ní páìpù òun kò kárí lọ́jọ́ tí òun ń fa omi náà, ìgbọ̀nwọ́ kan péré ló dín. Ògbólógbòó kan wà nínú àpò òun, èyí tí òun tú kúrò nílé kan tí wọ́n wó ní Kàdúná. Òun fi dí àlàfo náà, òun ní òun yóò padà wá pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Àáfà wá ṣàdúà yẹn. Lẹ́yìn ọdún méjì ó jò, wọ́n pe òun, wọ́n tẹ́ ẹní fún òun, wọ́n gbé oúnjẹ wá.

"Tí mo bá fọ́ ògiri yẹn, wọ́n á rí ohun tí mo fi síbẹ̀. Mo bá di í. Nígbà tó jò lẹ́ẹ̀kejì, mo tún di í. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ti rọrùn fún mi."

Salimat ní, "Ìyá Àgbà kì bá tí ṣubú."

"Mo mọ̀."

 Salimat jókòó sílẹ̀, ó gbé páìpù náà sórí itan rẹ̀. Inú bí i, àánú ọkọ rẹ̀ sì tún ń ṣe é, kò mọ èyí tí ì bá tẹ̀lé nínú méjèèjì. Bẹ̀llò ló kọ́kọ́ tún sọ̀rọ̀. Ó ní kó bá òun wá ẹni méjì tí yóò gbé òun lọ sí Ìdí-Àpé.

Wọ́n dúró di ìgbà tí wọ́n gbé Ìyá Àgbà padà wálé láti ọsibítù. Takisí ni wọ́n fi gbé Bẹ̀llò lọ, àwọn aládùúgbò méjì sì gbé e wọ yàrá Àáfà Salahudeen, níbi tí wàláà àwọn ọmọ kéwú ti fara ti ògiri. Ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ kan. Ohùn Ìyá Àgbà ti yàrá inú wá, ó ní tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ òun ni, kí wọ́n wá sọ ọ́ níbi tí òun wà. Wọ́n gbé Bẹ̀llò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Salimat fi páìpù náà lélẹ̀. Bẹ̀llò sì sọ gbogbo rẹ̀ bó ti sọ ọ́ nílé, kò bu ohunkóhun kù nínú rẹ̀, kò sì fi àìsàn rẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun túúbá.

Àáfà Salahudeen ń wo ilẹ̀. Tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lójú kan.

Ó ní, "Bẹ̀llò, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe wáàsí lórí ìdáríjì. Lónìí, ó ṣòro fún mi."

Ó dìde, ó jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìyá Àgbà ló kù. Obìnrin tín-ín-rín kan ni, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, wọ́n sì ti fi igi di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí Salimat gbé òun ga díẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Lẹ́yìn náà ó sọ pé òun náà gbọ́ ìró omi náà. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni òun fi ń gbọ́ ọ tó ń kán lára ògiri, tó bá di àsùbáà, tí ilé ṣì pa rọ́rọ́. Abọ́ ni òun ń gbé sí abẹ́ rẹ̀. Òun ń rò pé tí òun bá wí, wọ́n á ní arúgbó ti tún ń ráhùn. Nígbà tó yá, omi náà kò ṣàn sínú abọ́ mọ́, ìdí ògiri ló ń gbà lọ.

"Ìyẹn kò pa tìrẹ rẹ́ o," ó ń wo Bẹ̀llò. "Ìdáríjì tí o wá gbà, wá a lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Tèmi á wá nígbà tí egungun yìí bá jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi ọ́. Ṣé ilé wa nìkan ni?"

Bẹ̀llò ń wo páìpù tó wà nílẹ̀.

"Mélòó ni?"

"Mọ́kànlá ni, Ìyá. Pẹ̀lú tiyín."

"Kí lo wá ń ṣe níbí?"

Nígbà tí wọ́n délé, Bẹ̀llò ní kí Salimat fún òun ní ìwé. Kò kọ́ ìwé òyìnbó, ṣùgbọ́n ó mọ lẹ́tà Lárúbáwá tí wọ́n fi ń kọ Yorùbá ní ilé kéwú. Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́, ó sì gbà á ní ọjọ́ méjì: orúkọ onílé, ibi tí oríkèé wà nínú ògiri, ohun tó fi dí i. Ó kà á fún Salimat, Salimat sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé Àáfà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ó fọ́ ìyókù ògiri náà, ó fi páìpù tuntun síbẹ̀, ó sì fi iyanrìn àti sìmẹ́ńtì tí kò dán rẹ́ ilẹ̀ balùwẹ̀ kí ó má yọ̀ mọ́.

Bí àwọn yòókù ṣe gbà á kò dọ́gba. Ní Táíwò Road, obìnrin kan mú un lọ síbi tó ti ń fi àkísà di ara páìpù láti bí ọdún kan, ó ní òun rò pé bí páìpù ṣe máa ń rí nìyẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní GRA bú u, ó bú ọkọ rẹ̀, ó ní òun yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ó sì gbé e lọ lóòótọ́. Ọlọ́pàá kan wá sí Pàkàtà, ó wo Bẹ̀llò lórí ẹní, ó béèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì padà lọ. Ilé kan wà tó jẹ́ pé púlọ́ńbà mìíràn ti rí i tipẹ́, ó sì ti ṣe é, ó ti fi Bẹ̀llò ṣe ẹlẹ́yà káàkiri láìjẹ́ pé Bẹ̀llò mọ̀. Ní ibòmíràn wọ́n fọ́ ògiri lásán, páìpù náà kò ṣe nǹkan kan. Onílé ní kí Salimat tún ògiri òun ṣe bó ti wà, ó sì tún un ṣe.

Gbogbo rẹ̀ gba oṣù mẹ́rin. Nígbà tí Ààwẹ̀ fi dé, Ìyá Àgbà ti ń fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá Ààwẹ̀, Lami gbé ìkòkò kékeré kan wá sí Pàkàtà, kókó, ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n fi ata díẹ̀ sí, ló wà nínú rẹ̀. Ó ní Ìyá Àgbà ní kí Bẹ̀llò fi ṣínu. Kò jẹ́ iṣẹ́ mìíràn lé e. Bẹ̀llò mu kókó náà tán, ó sì pẹ́ lórí ìrun lọ́jọ́ náà ju bó ti máa ń pẹ́ lọ. Ìdáríjì ti Àáfà pẹ́ ju ìyẹn lọ. Tó bá pàdé Salimat lọ́nà, á kí i, á béèrè ara ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ya ilé wọn fún nǹkan bí ọdún kan.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Tíṣà àti ọkọ rẹ̀ ń kọ́ ilé tiwọn lẹ́yìn ìlú. Tíṣà ní Salimat ni kó fa páìpù rẹ̀. Ó fà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, oríkèé mẹ́tàlélógún. Nígbà tí Shehu, bíríkìlà tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, po sìmẹ́ńtì láti fi rẹ́ ògiri bo àwọn páìpù náà, Salimat ní kó dúró. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi kún inú páìpù, kó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó bò ó. Shehu ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, sìmẹ́ńtì òun yóò sì gan. Salimat ní kó gan.

Bẹ̀llò wà níbẹ̀. Wọ́n ti gbé e wá, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan nínú yàrá tí kò tíì ní òrùlé, ó gbé ọ̀pá sáàárín orúnkún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ló kọ́kọ́ rí i. Ó na ọ̀pá náà sí oríkèé kan lẹ́bàá fèrèsé ilé ìdáná. Omi ẹyọ kan so mọ́ ìdí rẹ̀, kò tíì já bọ́.

Ó ní, "Ìwọ lo di ìyẹn."

Salimat ní, "Èmi ni."

Tíṣà, ọkọ rẹ̀ àti Shehu wà ní ìdúró níbẹ̀. Salimat lọ ti fáàfù, ó padà wá, ó tú oríkèé náà níwájú gbogbo wọn, ó sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kó lè rí ibi tí òun ti ṣe àṣìṣe. Òwú náà kò dọ́gba níbì kan. Ó bọ́ ọ kúrò, ó nu irin náà mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé òmíràn. Tíṣà bi í pé ìgbà wo wá ni Shehu lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Salimat ní, "Ẹ jẹ́ ó tún di ọ̀la."